Irin Ni Mo Rà

Ìyàwó mi ń pè wọ́n ní àwo tí kò ṣeé bu ọbẹ̀ sí,
nítorí ihò tó wà lára wọn.
Méjìdínlógójì ló wà lórí pẹpẹ mi ní Gáà-Àkànbí.
Mo fi ìwé ìròyìn àtijọ́ ya ọ̀kan nípá sí èkejì
kí wọ́n má baà ha ara wọn.
Àlejò á wọlé, á gbójú sókè, á ní,
"Ṣé kẹ̀kẹ́ ọmọdé lẹ tú palẹ̀ ni?"
Mo ti dákẹ́ àlàyé.

Ẹ̀yìn ọjà Ìpàta ni mo ti rí àkọ́kọ́,
lọ́dọ̀ àwọn tí ń yọ́ irin fúyẹ́ da ìkòkò.
Ọwọ́ fáànù, ìdérí kẹ́tùlù, ìdajì ẹnjìnnì ọ̀kadà,
gbogbo wọn ti ń yọ́ bí òrí nínú oòrùn.
Wàídì ti na ọwọ́ sí iná pẹ̀lú èyí tí mo wí yìí.
"Dúró!" Mo ké bí ẹni tó rí ọmọ létí kànga.
Ó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Kò tó ìdajì kílò.
Ó gba owó irin lọ́wọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín,
ó ní láti òní lọ òun á máa ṣà wọ́n pamọ́
fún Bàbá Oníkẹ̀kẹ́.

Bí mo ṣe gba orúkọ tuntun nìyẹn.

Mo wá wọn dé Ọ̀fà, mo wá wọn dé Òró.
Ní Ìgbàjà, Tíṣà Awónìyí fi méjì ta mí lọ́rẹ
pẹ̀lú téèpù tó ti kan bí omidùn ọjọ́ karùn-ún.
Bí téèpù bá ti ń kan, ikú ti ń wọ inú rẹ̀ nìyẹn:
á lọ́, á gan,
á máa já bí ewé kókò gbígbẹ.
Mo gé ojú ibi tó já pẹ̀lú abẹ ìfárí, mo lẹ̀ ẹ́ pọ̀.
Ìró agogo ilé ẹ̀kọ́ ló wà níbẹ̀, àti òjò.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ ni ti Òkè-Súná,
ti Ìyá Mọ́ríámọ̀, tí ọkọ rẹ̀ fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tún rédíò ṣe.
Ó gbé àpótí páànù jáde. Mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀.
Mẹ́ta ṣófo. Ẹ̀kẹrin tóbi, ó ń dán,
ìpẹtà kankan kò kàn án,
téèpù sì kún un dẹ́nu.
Mo bi í pé kí ló wà níbẹ̀.
"Kò sí nǹkan. Ẹ̀rọ oníbàárà kan ló ń dán wò.
Ó ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta.
Ó húkọ́.
Ó ní kí n bu omi wá fún òun.
Ó tán."
A ná an, owó bọ́ sí i lọ́wọ́, mo dìde.
"Irin lo rà," ó ní. "N ò ta ikọ́ ọkọ mi."

Kí ni mo fẹ́ wí?
Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé rẹ̀,
mo fi pẹ́ńsù bọ ihò kẹ̀kẹ́ oníke kan,
mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká téèpù náà sí i, lọ́wọ́,
láti ẹ̀yìn ìrun Aláàsárì títí ládáànì fi pe Mọ̀gàríbì.
Ó ń kọjá láàárín àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá mi.
Ibìkan nínú rẹ̀ ló ti húkọ́.
N ò mọ ibẹ̀. Ìka mi ti kọjá á.

Ó gbà á, ó kó o sínú agolo bisikíìtì, ó dé e.
Kò ní ẹ̀rọ tí yóò fi gbọ́ ọ.
Mo ní èmi ní, kó wá, kó wá gbọ́.
Ó ní bó bá yá.

Ọdún kejì rèé. Kò tí ì yá.
Kẹ̀kẹ́ ńlá yẹn nìkan ni n kò tí ì fi téèpù sí.
Wàídì ní òun á fi ìkòkò tuntun pààrọ̀ rẹ̀,
ìyàwó mi ní kí n gbà.
Lánàá, mo ń nu eruku, ó yí lẹ́ẹ̀kan,
mo fi ọwọ́ dá a dúró.